Oríkì Àkànní Lórí Òkè Lísíbọ̀n

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà ní mo fi ẹ̀rín bò ó: mo bínú sí Olúyọmí, mo sì bínú sí i pẹ́. Ọmọ mi kọ́. Ọmọ Tíṣà Lucy ni, ìyá àgbà tó ń gbé ilé abẹ́ àpáta, lápá ọ̀tún béèyàn bá ti Àkùngbá wọ Ọ̀kà. Ṣùgbọ́n iwájú ṣọ́ọ̀bù mi ni ọ̀pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀, ojú mi ló sì ṣe, torí náà mo lẹ́nu ọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Èmi ni wọ́n ń pè ní Ìyá Fatimah. Ìkàrẹ́ ni wọ́n bí mi sí, ọkọ ló gbé mi wá sí Ọ̀kà, iṣẹ́ télọ̀ ni mò ń ṣe. Ibi tí ṣọ́ọ̀bù mi wà ga díẹ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì máa ń wọ ibẹ̀ dáadáa. Ilé Tíṣà ní tiẹ̀, àpáta ti bò ó mọ́lẹ̀. Béèyàn bá gbé fóònù síbẹ̀ títí di ọ̀la, kò ní dún. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé orí bẹ́ńṣì iwájú ṣọ́ọ̀bù mi ló ti máa ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Mo lè dá ẹ̀rọ ìránṣọ mi dúró, mi ò lè dá etí mi dúró.

Tíṣà kọ́ ọmọ títí irun orí rẹ̀ fi funfun. Ó kọ́ ní Ọ̀bà, ó kọ́ ní Àkùngbá, kó tó padà wá kọ́ ní Ọ̀kà níbí títí ìjọba fi ní kó lọ sinmi. A, B, D tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń kọ orúkọ wọn lónìí, ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ti gbà á. Ọkọ rẹ̀, Adébíyìí, òṣìṣẹ́ kánsù, ti kú. Ó bímọ, àwọn kan ò dúró, Yọmí nìkan ló kù. Gbogbo ìlú ló ń kí i, "Tíṣà, ẹ káàárọ̀ o," wọ́n á sì kọjá lọ síbi tí wọ́n ń lọ. Ẹni tó máa jókòó tì í ni kò sí. Ìyá yìí á se oúnjẹ tó tó ẹni méjì, á jẹ ìdajì, á bo ìdajì tó kù di ọjọ́ kejì. Mo ní, "Tíṣà, ẹ ò ṣe kúkú se èyí tó máa tó yín?" Ó ní ọwọ́ òun ò mọ kékeré í sè.

Ohun kan wà tó jẹ́ ti ilé wọn. Bí ọmọ wọn bá ṣe dáadáa lójú àwùjọ, ìyá rẹ̀ ò ní dúró dìgbà tí wọ́n bá délé. Lójú ẹsẹ̀ ni yóò dìde kì í, ibi yòówù kó jẹ́. Ọmọ tí wọ́n sì ń kì ò gbọdọ̀ wà lóòró. Á dọ̀bálẹ̀ gbalaja títí ìyá á fi ní kó dìde. Àwọn àgbà Ọ̀kà ṣì ń sọ ti ọjọ́ ìkórè kan tí Yọmí, nígbà tó wà ní kékeré, ka Sáàmù lórí níwájú ìjọ láìfo ọ̀rọ̀ kan. Tíṣà fò dìde láàárín ẹgbẹ́ obìnrin, kò wo ojú àlùfáà, kò wo ojú ẹnì kankan:

*Àkànní, ọmọ Adébíyìí,*
*Ọmọ a-gun-òkè-má-mí-hẹlẹ,*
*Ọmọ àpáta tójò ń pa tí kì í rọ̀,*
*Ọmọ a-fi-iṣu-gbàlejò tí kì í bi í pé níbo lo ti wá.*
*Àkànní, bó o rìn jìnnà, má gbàgbé ilé,*
*Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ.*

Ó gùn jù báyìí lọ, àwọn ọ̀rọ̀ Ọ̀kà kan sì wà nínú ẹ̀ tí èmi ọmọ Ìkàrẹ́ ò gbọ́ dòní. Wọ́n ní Yọmí fi àyà lélẹ̀ níwájú pẹpẹ pẹ̀lú aṣọ funfun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀, àlùfáà sì ní láti dúró kí ìyá parí.

Yọmí dàgbà, ó lọ sí yunifásítì tó wà ní Àkùngbá, ó ka ìwé ìtàn. Iṣẹ́ ò yọjú. Ó rìn títí, ó dé ìlú kan létí òkun lọ́hùn-ún tí wọ́n ń pè ní Lísíbọ̀n, olú ìlú àwọn Potogí. Iṣẹ́ tó wá rí níbẹ̀ ni pé kó máa mú àwọn arìnrìn-àjò kiri, kó máa fi ilé àtijọ́ àti odò hàn wọ́n, kó sì máa ròyìn ohun tó ti ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ fún wọn. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́, mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, "Háà, Tíṣà! Ọmọ yín ń gbowó torí pé ó ń fi ilé onílé han èèyàn?" Ó ní, "Ìyá Fatimah, o ò mọ̀ pé ìtàn ló kà? Tíṣà lòun náà. Kíláàsì tiẹ̀ ló ń rìn."

Gbogbo ọjọ́ Àìkú, tí wọ́n bá ti jáde ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá á gun òkè wá, á jókòó sórí bẹ́ńṣì mi, fóònù á dún. Wọn á sọ ti ara, wọn á sọ ti oúnjẹ, lẹ́yìn náà ìyá á kì í. Bó bá ti ń kì í báyìí, ẹ máa gbọ́ ohùn Yọmí, "Mo ti dọ̀bálẹ̀, Mọ́mì." Èmi á pariwo láti ìdí ẹ̀rọ, "Irọ́ ló ń pa, orí bẹ́ẹ̀dì ló wà!" Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á rẹ́rìn-ín. Inú ìyá yìí á dùn dé ọjọ́bọ̀, ọjọ́ ẹtì, kó tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ ẹ́.

Ọdún bíi mélòó kan kí kòrónà tó dé, Yọmí ní kí ìyá òun wá kí òun. Èmi ni mo rán aṣọ tó wọ̀ lọ, búbà àti ìró aláwọ̀ aró, mo sì rán kọ́ọ̀tù kan sí i torí òtútù. Gbogbo àdúgbò ló sìn ín dé garéèjì. Ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọge. Ohun tó sọ fún mi ò ju ẹyọ kan lọ. Ó ní, "Mo kàn fẹ́ kí èmi àti ọmọ mi jọ jẹun nínú abọ́ kan náà."

Ó lò tó oṣù kan, ó dé. Ó mú ṣokoléètì wá, ó mú àwòrán wá. Mo ní, "Tíṣà, ẹ ròyìn." Ó ní ìlú náà dára. Òkè pọ̀ níbẹ̀ bíi ti Ọ̀kà, ó ní ọkọ̀ kékeré kan aláwọ̀ ìyeyè wà tó ń rìn lórí irin, tó ń gun òkè pẹ̀lú igbe. Ó ní ara ògiri ilé wọn dán, àwo kéékèèké ni wọ́n fi bò ó. Ó ní òkúta funfun wẹ́wẹ́ ni wọ́n fi ọwọ́ tò sójú ọ̀nà, ẹsẹ̀ ti fọ̀ ọ́ títí ó ń yọ̀, ó sì máa ń tutù kódà bí oòrùn bá ń ràn. Mo ní, "Yọmí ńkọ́?" Ó ní, "Àlàáfíà ló wà."

Mo mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀. Ọjọ́ Àìkú pé, fóònù dún, wọ́n sọ ti ara, wọ́n sọ ti oúnjẹ, ìyá sì ní, "Ó dàárọ̀." Kò kì í! Mo dá ẹ̀rọ dúró. Yọmí ní, "Mọ́mì, ẹ ò kì mí." Ìyá ní ohùn òun ò já geere. Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ohùn ò já geere. Òmíràn tún dé, kò yí padà. Nígbà tó yá, Yọmí ò béèrè mọ́, ìpè rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fò, ó di ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, ó di ìgbà tó bá rántí.

Ọjọ́ kan tí òjò há wa mọ́ inú ṣọ́ọ̀bù ló tó tú u sílẹ̀. Mò ń gún etí aṣọ, kò wo ojú mi, ó ń sọ ọ́ fún òjò.

Ó ní Yọmí ò ráyè. Ìgbà tí àlejò pọ̀ ni òun bọ́ sí, ojoojúmọ́ ni Yọmí ń jáde láti òwúrọ̀, àti ọjọ́ ìsinmi pẹ̀lú. Inú yàrá kan ló ń gbé, nínú ilé tí Yọmí àti àwọn ará Brazil kan jọ háyà. Òun nìkan ló máa ń wà nílé, fèrèsé kan tó kọjú sí ògiri, aṣọ aláṣọ lórí okùn. Ó ní òun máa ń jókòó sórí àtẹ̀gùn kí òun lè kí ẹni tó bá ń kọjá. Òyìnbó a wo òun, a yà fún òun. Ìyá àgbà kan ló máa ń gbé ọwọ́ sókè láti òdìkejì. Ó ní, "Ìyá Fatimah, mo sunkún níbẹ̀. Mo ní ṣé torí èyí ni mo ṣe fi ilé sílẹ̀, kí n lè wá dá wà ní ilẹ̀ òkèèrè?" Yọmí á wọlé, á ti rẹ̀ ẹ́, á jẹ oúnjẹ tí ìyá sè lórí ìdúró, á sùn.

Ó wá sọ fún un lọ́jọ́ kan pé, "Ibi tó ò ń mú gbogbo ayé lọ yìí, mú èmi náà lọ." Yọmí ní àwọn ọ̀gá òun ò gbà kí ẹnikẹ́ni mú ẹbí dání sẹ́nu iṣẹ́. Àfi kí òun san owó ìyá bí ẹni tó wá láti ibòmíràn, kí ìyá lẹ nǹkan pélébé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ àyà, kó sì máa tẹ̀lé wọn jẹ́jẹ́. Ìyá ní kò burú. Tíṣà ni, ó mọ òfin iṣẹ́.

Wọ́n jáde. Yọmí gbé agbòòrùn ìyeyè kan sókè, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, kí àwọn èèyàn lè máa rí ibi tí wọ́n á tẹ̀lé. Mo ní, "Lọ́dọ̀ wa, abẹ́ agbòòrùn ọba là ń tò sí." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní òun náà rò ó bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà, pé ọmọ òun ń rìn níwájú, òyìnbó tò tẹ̀lé e lẹ́yìn. Wọ́n dé etí odò ńlá tó ń ṣàn wọ òkun. Wọ́n gun òkè lọ síbi ilé olódi àwọn ọba àtijọ́. Àwọn òyìnbó ń mí hẹlẹ, wọ́n ń di ògiri mú, ìyá ló kọ́kọ́ dé òkè. Ta ló máa bá ọmọ Ọ̀kà du òkè gígùn? Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

Orí òkè yẹn ni Yọmí ti sọ ìtàn ìmìtìtì ilẹ̀ tó ba ìlú náà jẹ́ ní ayé àtijọ́. Ó ní ọjọ́ àwọn ẹni mímọ́ ni, gbogbo ayé wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, àbẹ́là ń jó. Ilẹ̀ mì, òrùlé wó lé wọn. Àwọn tó kù sá lọ sí etí omi, omi kó ara rẹ̀ jọ ó wá bá wọn. Iná wá tẹ̀lé e. Ó ní Yọmí ò pariwo, ṣùgbọ́n àwọn òyìnbó ò mira, obìnrin kan ń nu ojú. Ó ní òun rí ọmọ kékeré ọjọ́ ìkórè yẹn, Sáàmù lẹ́nu rẹ̀, kò fo ọ̀rọ̀ kan. Òun gbàgbé ọ̀gá, òun gbàgbé òfin, òun gbàgbé nǹkan pélébé tó wà láyà òun. Kí òun tó mọ̀, òun ti wà láàárín wọn: *Àkànní, ọmọ Adébíyìí!*

Ó kì ọmọ rẹ̀ títí ó fi parí. Gbogbo àwọn tó wà lórí òkè náà yíjú sí i, fóònù lókè lókè. Ó ń dúró kí ọmọ dọ̀bálẹ̀ kó lè ní kó dìde.

Ọmọ dúró lóòró, agbòòrùn lọ́wọ́.

Ọkùnrin kan bi Yọmí léèrè ẹni tí ìyá yìí jẹ́ sí i. Obìnrin kan láti ọ́fíìsì wọn sì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó ń ṣọ́ iṣẹ́ wọn. Yọmí rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí wọ́n ń rín fún oníbàárà, ó ní ọ̀kan lára àlejò àwọn ni, láti Áfíríkà, bí wọ́n ṣe máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ èèyàn lọ́dọ̀ wọn nìyẹn. Lédè Gẹ̀ẹ́sì ló sọ ọ́. Tíṣà tó kọ́ ọ ní Gẹ̀ẹ́sì láti A! Wọ́n tún pàtẹ́wọ́. Agbòòrùn gòkè, wọ́n ní ó yá, ìyá sì tẹ̀lé wọn láti ẹ̀yìn.

Nígbà tí wọ́n délé, Yọmí dọ̀bálẹ̀ nínú yàrá. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ má bínú, iṣẹ́ ni." Ìyá ní òun gbọ́.

Orí mi gbóná! Mo ní, "Tíṣà, ẹ ò gbá a létí?" Ó ní, "Kí n gbá a létí torí iṣẹ́ rẹ̀? Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ni. Ó kàn dùn mí ni, Ìyá Fatimah. Ó dùn mí dé ibi tí oríkì ń gbé. Tí mo bá la ẹnu báyìí láti kì í, ohun tí mò ń gbọ́ ni àlejò." Òjò dá, ó gbé ìborí rẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀ lọ sílé.

Ó tó ọdún kan lẹ́yìn náà. Ọjọ́bọ̀ kan, nǹkan bí ọ̀sán, ìyá wá kí n bá a tún bọ́tìnì rẹ̀ ṣe, fóònù rẹ̀ dún, èyí tí wọ́n ń fi wo ojú. Ojú Yọmí yọ, òyìnbó rẹpẹtẹ lẹ́yìn rẹ̀, òkè yẹn kan náà. Ó ní, "Mọ́mì, àwọn tí mò ń mú kiri nìyí. Wọ́n ti gba ọ̀gá mìíràn síbi iṣẹ́ wa, ó ní kí kálukú fi nǹkan ilé tiẹ̀ kún ohun tó ń sọ. Mo ti ròyìn yín fún wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kì mí kí wọ́n gbọ́."

Ìyá ní, "Ta lo sọ fún wọn pé mo jẹ́?"

"Ìyá mi."

"Sọ ọ́ lédè wọn kí n gbọ́."

Yọmí yíjú sí wọn, ó sọ ọ́ ketekete lédè Gẹ̀ẹ́sì pé ìyá tó bí òun nìyí. Tíṣà tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó sì kì ọmọ rẹ̀, ohùn tó ní kò já geere láti ọjọ́ yìí já dé ọ̀dọ̀ vọkanáísà tó wà ní òdìkejì títì. Àwọn òyìnbó pàtẹ́wọ́. Yọmí dúró láàárín wọn pẹ̀lú agbòòrùn, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ ṣé, Mọ́mì, wọ́n ń dúró dè wá nísàlẹ̀." Fóònù pa.

Láti ìgbà náà, ọ̀sán gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni. Tíṣà á wẹ̀, á wé gèlè, á gun òkè wá. Ó kó aṣọ wá kí n rán, ó ní kì í ṣe ẹyọ búbà kan ni wọ́n á máa rí lọ́rùn òun. Fóònù á dún, á kì í, wọ́n á pàtẹ́wọ́, á pa. Nígbà kan ó gbìyànjú láti sọ pé orúnkún ń dun òun. Yọmí ní, "Mọ́mì, a máa sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Àìkú." Ìyá wá lọ́jọ́ Àìkú, ó jókòó títí mo fi ti ilẹ̀kùn. Ẹnikẹ́ni ò pè.

Mi ò lè gbé e mì. Mo ní, "Tíṣà, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín. Ọmọ yìí ti sọ yín di nǹkan ìran. Ilé olódi, odò, ìyá Yọmí, ó parí." Kò bínú. Ó ní, "Àpáta ẹ̀yìn ilé mi yìí, àwọn èèyàn máa ń ti ọ̀nà jíjìn wá wò ó. Ó sàn kí wọ́n wò mí, Ìyá Fatimah, ju kí n jókòó sílé kí ẹnikẹ́ni má wò mí." Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n èmi náà mọ̀. Lọ́jọ́ tó bá pè mí tí kò sí òyìnbó kankan lẹ́yìn rẹ̀, ọjọ́ náà ni màá mọ̀ pé mo ṣì ní ọmọ."

Kòrónà wá dé. Wọ́n ti ọjà, wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ti mọ́ṣáláṣí. Èmi tó jẹ́ pé aṣọ ìnáwó ni mò ń rán, ìbòmú ni mo wá ń rán. Rédíò ní kò sí ọkọ̀ òfurufú tó ń gbéra, gbogbo ìlú òyìnbó ti pa. Ọjọ́bọ̀ dé, Tíṣà gun òkè wá, gèlè lórí, ìbòmú tí mo rán fún un lójú, ó jókòó sí ìparí bẹ́ńṣì. Fóònù ò dún. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kò dún. Òmíràn. Ó pe Yọmí fúnra rẹ̀, kò wọlé. Yọmí fi ọ̀rọ̀ kúkúrú ránṣẹ́ pé ara òun le, kí ìyá má ṣèyọnu.

Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹnu mi kì í dúró jẹ́ẹ́? Mo ní, "Ọmọ yìí ò níṣẹ́ mọ́, kò lọ síbì kankan, ìsinsìnyí ló yẹ kó ráyè gbọ́ ti ìyá rẹ̀. Òyìnbó ti tán, ìyá náà tán nìyẹn!" Tíṣà dìde. Ó rọra ń sọ̀kalẹ̀ lọ, ó ń fi ọwọ́ di orúnkún mú, títì ṣófo látòkè délẹ̀. Mo fẹ́ pè é padà, mi ò pè é.

Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo ní kò ní wá. Ó wá. Kò wé gèlè, ìborí lásán ló fi bo orí, aṣọ ilé ló wọ̀. Mo gbé ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín fún un, a jọ ń jẹ ẹ́, fóònù dún.

Ojú Yọmí nìkan ló yọ. Ó ti rù, irùngbọ̀n ti bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo: òkè yẹn, òkúta funfun wẹ́wẹ́ yẹn, odò lọ́nà jíjìn, kò sí ẹ̀dá kan. Kò gbé agbòòrùn.

Ìyá nu ẹnu rẹ̀ wéré, ó ń fọwọ́ wá gèlè tí kò wé wá. Ó ní, "Àwọn àlejò dà? Mi ò tíì múra."

Yọmí ní, "Mọ́mì, kò sí àlejò. Èmi nìkan ni mo wà níbí."

"Kí ló dé?"

"Iṣẹ́ ti tán. Àwọn ará Brazil ti padà sílé wọn kí ọkọ̀ òfurufú tó dúró. Ó ti tó ọjọ́ mélòó kan tí mi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pe orúkọ mi." Ó tún ní, "Ojú ń tì mí ni mi ò ṣe pè. Mo máa ń jókòó sórí àtẹ̀gùn yẹn, Mọ́mì, ibi tẹ́ ẹ máa ń jókòó. Lónìí mo rìn wá sókè níbí. Ibi tí mo ti pè yín ní àlejò nìyí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kì mí."

Mo gbé abọ́ kúrò nílẹ̀, mo dìde, mo ní kí n wọlé lọ fún wọn. Tíṣà di aṣọ mi mú. Ó kì ọmọ rẹ̀ níbẹ̀, pẹ̀lú aṣọ ilé, kò pariwo, bí ẹni tó ń kì ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ta jí lórí ẹní. Bó ti pe Àkànní lẹ́ẹ̀kan, ojú Yọmí kúrò nínú fóònù. Sánmà nìkan la ń rí, sánmà aláwọ̀ aró, ẹyẹ funfun kan sì kọjá.

Ìyá dánu dúró. Ó ní, "Ó ti já. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti já."

Mo ní, "Kò já, Tíṣà. Ó gbé e kalẹ̀ ni. Ẹ máa bá a lọ."

Ohùn Yọmí wá láti ẹ̀gbẹ́ sánmà yẹn, ẹnu rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. "Mo ti dọ̀bálẹ̀, Mọ́mì."

Mi ò sọ pé irọ́ ló ń pa. Tíṣà kì ọmọ rẹ̀ dé òpin, títí kan àwọn ọ̀rọ̀ Ọ̀kà tí mi ò gbọ́, ẹkún ọmọ sì ń dún lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tó parí, ó tẹ orí ba fóònù.

"Ó tó, dìde, Àkànní," ó ní. "Òkúta yẹn tutù."